Béèsì Olókùn Mẹ́rin Tàbí Olókùn Márùn-ún: Èwo Ni Kí N Rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń lu béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òṣogbo, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú owó báyìí láti ra tèmi. Mẹ́ta ni mo rí: Fender Precision tòkunbọ̀ olókùn mẹ́rin, tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò, Yamaha TRBX305 tuntun, olókùn márùn-ún, àti Ibanez SR305E, olókùn márùn-ún, tí ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ tà nítorí pé ó ń lọ sí òkè òkun. Àwọn kan ní kò sí ohun tí ó dà bíi Fender, àwọn kan ní kí n dúró de Jazz Bass, tí Fender náà ń ṣe, olórí akọrin wa sì ní bí kì í bá ṣe olókùn márùn-ún, kí n má wulẹ̀ náwó. Ìka mi tóbi díẹ̀. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó dára tí o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí n tó máa ṣàlàyé. Yamaha yẹn ni kí o rà, bí okùn B rẹ̀ (okùn karùn-ún, èyí tí ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jù) bá yege nínú àyẹ̀wò tí n ó sọ níwájú. Bí kò bá yege, Precision ni kí o mú, má sì jẹ́ kí olórí akọrin tàbí ẹnikẹ́ni mú ọ gbà pé ohun tí kò pé ni o rà. Ibanez ni mo fi ṣe ìkẹta. Kì í ṣe pé kò dára. Ìka rẹ ni mo rò.

Iyàn orúkọ ni ó pọ̀ jù láàárín àwa tí a fẹ́ràn béèsì. Ẹnì kan yóò ní Precision ni James Jamerson fi lu àwọn orin tí ilé iṣẹ́ Motown ṣe ní Detroit ní àwọn ọdún 1960. Ẹlòmíràn yóò ní Jazz Bass ni Jaco Pastorius àti Marcus Miller fi di ẹni tí ayé mọ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n Jamerson ń lu tirẹ̀ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, okùn tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni ó fi sí i, ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo ni ó sì fi ń lù ú. Gìtá tí kò ní fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò dábùú ọrùn) rárá ni Pastorius fi lókìkí. Miller ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, ó sì ń fi ìka fà á kí ó ró pá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dúró síbi tí ìwọ dúró sí, ní ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù, níwájú ìlù, nínú gbọ̀ngàn tí ògiri rẹ̀ ń dá ohùn padà, lẹ́yìn ẹni tí ó lè dá orin ní key (ohùn tí orin dúró lé) tí ó bá wù ú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ yẹn ni kí a ti yan gìtá rẹ.

Síbẹ̀, ó yẹ kí o mọ ohun tí ó ya Precision àti Jazz Bass sọ́tọ̀, nítorí pé ó kan ọ. Leo Fender gbé Precision jáde ní California ní ọdún 1951. Ní 1957 ni pickup rẹ̀ (ẹ̀rọ abẹ́ okùn tí ń gbé ìró okùn lọ sí ampilifáyà) yí padà sí èyí tí a mọ̀ títí di òní: a là á sí méjì, apá kan wà lábẹ́ okùn E àti A, àwọn méjì tí ó nípọn jù, apá kejì wà lábẹ́ D àti G, a sì ṣe wọ́n lódì sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ariwo iná tí apá kan bá gbé wọlé, apá kejì a pa á. Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960. Pickup méjì tí ó dá dúró ni òun ní, ọ̀kan sún mọ́ ọrùn, ọ̀kan sún mọ́ ibi tí okùn ti so nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, bíi mílímítà 38, nígbà tí ti Precision òde òní sábà máa ń jẹ́ bíi 41.

Ọ̀rọ̀ ariwo iná yìí wúwo lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti rí ní ibi tí iná wọn kì í ṣe ségesège lọ. Bí o bá ṣí pickup méjèèjì Jazz Bass dé òpin, ariwo ọ̀kan yóò pa ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí o bá dín ọ̀kan kù kí ohùn lè dùn, bí gbogbo wa ti ń ṣe, ariwo yóò yọ. Nínú gbọ̀ngàn tí wọn kò so wáyà iná rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, tí àwọn iná aláràbarà sì ń tàn lórí pẹpẹ, kíkùn yẹn ni gbogbo ìjọ yóò máa gbọ́ nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí a dákẹ́ gbàdúrà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí o dúró de Jazz Bass, àfi bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ti fi pickup tí kì í kùn sí. Mo sì fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn: okùn béèsì so mọ́ wáyà tí ó yẹ kí ó lọ sínú ilẹ̀ láti inú ampilifáyà. Bí iná bá ta ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lórí okùn tí ẹnu rẹ sì kan maikirofóònù, gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má sì lù ú mọ́ títí oníṣẹ́ iná yóò fi wò ó. Ó ti pa àwọn olórin kan rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ olórí akọrin yín. Òótọ́ wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Okùn tí ó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, èyí tí í ṣe E, ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ parí sí. Ó tó fún orin tí a bá dá ní E, ní F tàbí ní G. Ṣùgbọ́n kí ni wàá ṣe nígbà tí ìyá kan bá dìde láti jẹ́rìí, tí ó dá orin, tí ẹni tí ó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù sì bá a ní E-flat? Ìdajì ohùn kan péré ni E-flat fi lọ sísàlẹ̀ ju okùn rẹ lọ, o kò sì ní i. O ní láti lọ mú un lórí okùn A ní fret 6, ní octave kan sókè (E-flat náà ni, ṣùgbọ́n ní ohùn tí ó ga), tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé nígbàkígbà tí orin bá padà sí ilé, ìyẹn ohùn tí a fi dá a, òkè ni béèsì yóò wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni D, bẹ́ẹ̀ ni D-flat, bẹ́ẹ̀ ni C. Lára olókùn márùn-ún, gbogbo wọn wà lórí okùn B: C ní fret 1, D ní fret 3, E-flat ní fret 4.

Àǹfààní kejì kò kan ìsàlẹ̀ rárá, òun gan-an ni mo sì kà sí jù. Bí o bá gbé ọwọ́ òsì rẹ sí fret 5 lórí olókùn márùn-ún, E wà lábẹ́ ìka rẹ lórí okùn B, A wà lórí okùn E, D lórí A, G lórí D, C sì wà lórí okùn G. Kò sí èyí tí o ní láti sáré lọ mú nínú wọn. Bí àwọn akọrin bá wá gbé key sókè lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, bí wọ́n ti fẹ́ràn láti máa ṣe nígbà tí ìyìn bá gbóná, ìrísí ọwọ́ kan náà ni wàá kàn máa sún sókè, láìsí pé o ń wá okùn tí kò sí ìka lórí rẹ̀ láti gbà ọ́ là. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ̀ lé orin tí kò mọ key rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń polówó olókùn márùn-ún kì í sọ. Okùn B ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sípíkà tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àní àwọn onííǹṣì 15 pàápàá, kò sì lè gbé e jáde bí ó ti yẹ. Ohun tí etí ìjọ ń gbọ́ ni ìró kejì tí ń bá a rìn, ní bíi 62, àti àwọn ìró mìíràn tí ó wà lókè ìyẹn. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìyókù kún un. Nítorí náà, B tí ó dára kì í ṣe èyí tí ó ń mi àga. Èyí tí àwọn ìró òkè rẹ̀ mọ́ tónítóní ni, tí etí fi lè mọ̀ pé C ni o lù, kì í ṣe D. Olókùn márùn-ún tí B rẹ̀ kò mọ́ burú ju olókùn mẹ́rin lọ, nítorí pé o ti gbé ọrùn tí ó fẹ̀ àti ara tí ó wúwo lọ́wọ́ fún okùn kan tí o kò ní lè lò.

Kí ló ń mú B dúró? Gígùn okùn lára gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ jẹ́ ọ̀kan náà, íǹṣì 34. Nígbà tí okùn B kò gùn ju àwọn yòókù lọ, nínípọn ni a fi ń sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: bíi íǹṣì 0.130, nígbà tí E jẹ́ bíi 0.105. Okùn tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì le tó, a máa rọ̀ lábẹ́ ìka. Bí o bá gbá a, ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ fò sókè díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ọrùn tí ó le, tí a sì so mọ́ ara gìtá láìsí àlàfo, ń dín wàhálà yìí kù. Ọrùn TRBX305 jẹ́ pákó maple àti mahogany tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìlà márùn-ún, èyí sì wà lára ohun tí ó mú mi fi í ṣáájú. Ṣùgbọ́n gìtá méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í dọ́gba tán, nítorí náà èyí tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ gan-an ni kí o dán wò.

Báyìí ni kí o ṣe é. Kọ́kọ́ lù ú láìkì í bọ ampilifáyà, kí o sì gbé àgbọ̀n rẹ lé ìwo òkè ara rẹ̀, kí egungun rẹ lè gbọ́ ohun tí pákó ń ṣe. Tẹ okùn B ní fret 1, lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí o jẹ́ kí ó ró títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2, ní 3, ní 4, ní 5, kí o sì fetí sí i bóyá ọ̀kan ń tètè kú ju àwọn tí ó yí i ká lọ. Lẹ́yìn èyí, mú E lórí okùn B ní fret 5, kí o wá lu okùn E gbalasa, láìfi ìka tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ lé e. Ohùn kan náà ni. Bí ti okùn B bá dún bí ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀, tí ti E sì là, gbé e padà fún wọn. Bí okùn ara rẹ̀ bá ti gbó, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi tuntun sí i, kódà bí ìwọ ni yóò san owó okùn, nítorí pé okùn òkú lè ba orúkọ gìtá rere jẹ́. Ìgbà yìí ni kí o tó ki wáyà bọ̀ ọ́, kí o yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o gbọ́ bóyá ó ń họ. Híhọ bọ́tìnnì kì í ṣe àrùn ńlá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó bá owó wálẹ̀.

Ti Precision gba àyẹ̀wò mìíràn, nítorí pé tòkunbọ̀ ni. Gbé e sókè, kí o fi ojú kan wo etí ọrùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bóyá ó lọ́. Fi ìka kan tẹ okùn E ní fret 1, fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ ní fret tí ó kẹ́yìn, kí o sì wo àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn ní nǹkan bíi fret 7 tàbí 8: ó yẹ kí káàdì tí wọ́n ń fi orúkọ àti fóònù sí lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, tí irin inú ọrùn, èyí tí a fi ń mú ọrùn tọ́, kò sì yí mọ́, ìyẹn ni àrùn ńlá, má rà á ní iyekíye. Lu okùn G ní fret 5, 6 àti 7; Fender púpọ̀ ní ibì kan níbẹ̀ tí ohùn ti ń tètè rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ díẹ̀, kò yẹ kí ó dí ọ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní Ensenada ní Mẹ́síkò láàárín 2000 sí 2009 sábà máa ń ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MZ, àwọn tí ó tẹ̀ lé e sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MX. Nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé ẹni tí ó lè lẹ orúkọ Fender mọ́ orí gìtá olówó pọ́ọ́kú lè lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o tú ọrùn rẹ̀, tú u, kí o wo òǹtẹ̀ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, kí iye owó wálẹ̀ dé bí ẹni pé ayédèrú ni.

Nípa ti Ibanez, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ọrùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ fúyẹ́, fret rẹ̀ sì pé 24, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń sáré yóò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bíi mílímítà 16.5 péré ni ó wà láàárín okùn kan àti èkejì nísàlẹ̀, nígbà tí ti Precision jẹ́ bíi 19 sí 20. Pẹ̀lú ìka tí ó tóbi, wàá máa fara kan okùn tí kò kàn ọ́, àtàǹpàkò rẹ kò sì ní ríbi gbá B láìkan E. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ, yá a fún ìsìn ọjọ́ Àìkú kan. Bí ìka rẹ bá tako ohun tí mo sọ yìí, ìka rẹ ni kí o gbà gbọ́.

Yamaha àti Ibanez yìí ń lo bátìrì oní-9V, Precision kò lò ó. Bátìrì yẹn ni ó ń fún ẹ̀rọ kékeré inú gìtá lágbára láti fi kún ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè, kí ó sì lè gba wáyà gígùn kọjá láìrẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà nínú gìtá, bátìrì ń jẹ, ìbáà jẹ́ pé o kò fọwọ́ kan okùn. Yọ wáyà lẹ́yìn ìdánrawò, kí bátìrì tuntun kan sì máa wà nínú àpò gìtá rẹ nígbà gbogbo. Nígbà tí ó bá fẹ́ kú, ohùn a kọ́kọ́ ya, a sì fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rò pé pickup ló bàjẹ́, tí wọ́n gbé gìtá lọ fún oníṣẹ́, tí oníṣẹ́ sì gba owó wọn.

Ó kù síbi òde àríyá ọjọ́ Sátidé, èyí tí ó lè mú ẹlòmíràn yí ìdájọ́ mi padà. Nínú jùjú àti hailáìfù, àkùbà àti gángan ti gba àyè púpọ̀ nísàlẹ̀, ohùn àárín sì ni béèsì fi ń bá wọn fèsì. Níta gbangba, kò sí ògiri tí yóò ran ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ dé òpin yóò kàn máa rẹ ampilifáyà ni, ẹni tí ó jókòó lábẹ́ kánópì kò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Níbi báyìí, Precision fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní orogún, nítorí pé àárín gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé òde nìkan ni o ń lọ, òun ni ǹ bá ní kí o rà láìṣẹ́jú. Yamaha lè súnmọ́ ọn bí o bá yí i sí pickup tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí o dín ohùn òkè kù, tí o sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìfi kún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ó kù ni kí o bá ẹni tí ó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ nírẹ̀lẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ nígbà tí o bá ń lù. Kò sí béèsì kankan láyé tí yóò mọ́ létí bí ènìyàn méjì bá ń lù ú pọ̀ ní ohùn kan náà.

Má ná gbogbo owó rẹ tán sórí gìtá. Ra DI box, àpótí kékeré tí a fi ń so gìtá mọ́ míkísà, kí o lè máa wọ míkísà tààrà nígbà tí ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ra àpò tí ó nípọn, sẹ́ẹ̀tì okùn kan, àti ìgbànú tí ó fẹ̀, torí pé gìtá tí ó tó kílò mẹ́rin lórí èjìká kan fún odindi alẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Fi kọ́kọ́rọ́ irin ọrùn sínú àpò náà pẹ̀lú. Ní ìgbà ọyẹ́, pákó a máa gbẹ, a sì máa sún kì, orí irin fret a yọ síta tí yóò máa ha ọ lọ́wọ́, ọrùn a sì yí díẹ̀. Nígbà tí òjò bá padà dé, yóò tún yí. Ìdámẹ́rin yíyípo kan ni kí o yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí o tún gìtá náà yí sí ohùn, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tó tún fọwọ́ kàn án.